Ẹ gbà mí o: server tí á máa fi OS sórí kọ̀ǹpútà láti orí nẹ́tíwọ̀kì, èwo ló dáa?

TísàKọ̀ǹpútà · Ọjọ́bọ̀, 9:14 alẹ́
Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú alẹ́ o. Mo fẹ́ ṣètò server kan tí á máa fi OS (bíi Windows tàbí Linux) sórí àwọn kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ láti orí nẹ́tíwọ̀kì, kí n yé gbé fláàṣì káàkiri bí ẹni tó ń kiri ata. Mo gbọ́ FOG, mo gbọ́ Cobbler, mo gbọ́ nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní PXE. Èwo ló dáa nínú àwọn tí ẹ ti lò? Ọjọ́ Mọ́ńdè làwọn ọmọ máa jókòó ṣe ìdánwò lórí wọn, ọ̀gá ilé-ìwé ò sì fẹ́ gbọ́ àlàyé kankan. Ẹ jọ̀ọ́, kíákíá.

Ọmọ_Dùgbẹ̀ · 9:21
Ọ̀gá, PXE kọ́ lẹ ń yàn o. PXE ni ilẹ̀kùn tí kọ̀ǹpútà fi ń bẹ̀rẹ̀ láti orí nẹ́tíwọ̀kì, ó ti wà nínú káàdì nẹ́tíwọ̀kì kọ̀ǹpútà yín látilẹ̀. FOG àti Cobbler làwọn tó ń gba ẹnu ilẹ̀kùn yẹn wọlé. Kọ̀ǹpútà mélòó? OS wo? Ta ló ń pín IP (nọ́ńbà àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà) níbẹ̀? Ẹ ò sọ nǹkan kan.

Afẹ́fẹ́ · 9:24
dnsmasq tó ń pín IP, àti iPXE, PXE tó lágbára sí i. Fáìlì kan, ìlà mẹ́wàá, ó parí.

Ọmọ_Dùgbẹ̀ · 9:26
Ó parí kẹ̀. Ìlà mẹ́wàá tí wọ́n máa fi gbogbo wíkẹ́ńdì wá èwo ló ṣì nínú ẹ̀.

Peckham_Boy · 9:40
Ẹ kú alẹ́ láti London níbí. Níbi iṣẹ́ wa MAAS la ń lò, ti Canonical. Ẹ kàn máa tan server kan, ó máa rí gbogbo ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, ó máa tan wọ́n, ó máa pa wọ́n, ó máa fi Ubuntu sí i, ẹ̀yin á kàn jókòó máa mu tíì. Ẹ so Ansible tó ń ṣètò ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan mọ́ ọn, iṣẹ́ bùṣe.

Kọ́láBIOS · 9:47
Ẹ̀gbọ́n London, báwo ni MAAS ṣe fẹ́ tan kọ̀ǹpútà ilé-ìwé? Ẹ̀rọ tó ní BMC (kọ̀ǹpútà kékeré tó wà nínú server), tí èèyàn lè fi IPMI pàṣẹ fún, ló ń tàn fúnra rẹ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn. Tòkunbọ̀ tí wọ́n rà ní Computer Village ní Ìkẹjà, ìka la fi ń tan ìyẹn o. Nígbà míì a tún máa ń gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Peckham_Boy · 9:52
Wake-on-LAN, kí nẹ́tíwọ̀kì jí i, ńkọ́?

Kọ́láBIOS · 9:53
Ẹ kọ́kọ́ wá iná tí kò ní lọ ká tó sọ̀rọ̀ jíjí ẹni tó sùn.

OjúMiRíTó · 10:05
Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi kí ẹ tó ti ọmọ ọlọ́mọ sí kànga. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, iléeṣẹ́ kan tí mi ò ní dárúkọ, wọ́n ra kọ̀ǹpútà 20, mo ní èmi ò ní fọwọ́ ṣe é lọ́kọ̀ọ̀kan, mo gbé server kalẹ̀, CentOS (Linux kan) ni, mo kọ kickstart, fáìlì tó ń dáhùn ìbéèrè install, mo fi zerombr àti clearpart --all tó ń nu disk sí i kó má baà bi mí ní ìbéèrè kankan, mo wá ní kí menu bẹ̀rẹ̀ install fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá 10. Gbogbo ogún yẹn jáde geere, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, wọ́n ra mọ́tò fún mi lẹ́nu. Mo lọ sílé, mi ò pa server. Ṣé ẹ mọ̀ pé wáyà kan náà ló kọjá lọ sí yàrá àwọn akáúǹtì? Iná lọ lóru. Kọ̀ǹpútà mẹ́rin tó wà lọ́hùn-ún, tòkunbọ̀ ni wọ́n, bátìrì inú bọ́ọ̀dù wọn ti kú tipẹ́, bí iná bá ti lọ báyìí BIOS (ètò tó ń jí ẹ̀rọ) á gbàgbé gbogbo ohun tí wọ́n sọ fún un, á padà sí ti ọjọ́ tí wọ́n bí i, nẹ́tíwọ̀kì á sì ṣíwájú hard disk. Láàárọ̀, bàbá akáúǹtì dé, wọ́n tan tiwọn bí wọ́n ṣe ń tàn án lójoojúmọ́, wọ́n bọ́ síta lọ ra àkàrà. Ìgbà tí wọ́n fi dé, CentOS ló ń kí wọn káàárọ̀. Owó oṣù ọdún mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ẹ máa bi mí pé backup ńkọ́. Orí kọ̀ǹpútà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe backup sí, òun náà ti lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi bá wọn tẹ ìwé tó wà nínú fáìlì padà sínú kọ̀ǹpútà, lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n tó ní kí n máa lọ. Tísà, fláàṣì ò burú o.

ỌmọÌyáOníBúrẹ́dì · 10:08
Yéèè!

Ìkòkò · 10:09
Àkàrà yẹn ló dùn mí jù.

Afẹ́fẹ́ · 10:15
Pẹ̀lẹ́ o, ṣùgbọ́n ẹ̀bi tiẹ̀ ni ìyẹn, ti PXE kọ́. Ta ló ní kí menu bẹ̀rẹ̀ install fúnra rẹ̀? Ohun àkọ́kọ́ nínú menu gbọ́dọ̀ jẹ́ kó padà sí hard disk. Ẹni tó bá fẹ́ install, kó fọwọ́ yàn án.

OjúMiRíTó · 10:18
Ṣé o rò pé mi ò mọ̀ ọ́n báyìí?

Àjàlá_Sysadmin · 10:22
Mi ò gbà á gbọ́ o. Kọ̀ǹpútà kì í déédéé bata (boot) láti nẹ́tíwọ̀kì, àfi kí ẹnìkan tẹ F12.

Kọ́láBIOS · 10:26
Àjàlá, o ò tíì rí tòkunbọ̀ rí. Yọ bátìrì CR2032 inú ọ̀kan kó o tún un tàn, kó o wá wo ohun tó máa kọ́kọ́ wá. Òmíì á lọ tààrà sí hard disk, òmíì á lọ wá IP kó tó ṣe ohunkóhun. Ọwọ́ ẹni tó ṣe BIOS yẹn ló wà.

Àjàlá_Sysadmin · 10:29
Èmi ń ṣe iṣẹ́ yìí kí wọ́n tó bí ẹ.

Ìkòkò · 10:30
Àgbà kì í wà lọ́jà... ẹ parí ẹ̀ fúnra yín.

ỌmọÌyáOníBúrẹ́dì · 10:34
Ṣé wọn ò lè fi testdisk wá fáìlì yẹn padà ni? Ẹ̀gbọ́n mi kan ṣe é rí, fọ́tò ìgbéyàwó wọn ló sọnù.

OjúMiRíTó · 10:41
A gbìyànjú ẹ̀. CentOS tuntun ti kọ lé e lórí, èyí tó wà níwájú disk lọ pátápátá. A rí díẹ̀ lára àwòrán àti orin gospel. Ìwé owó oṣù, rárá.

Ṣàǹgó_Flash · 10:50
Ẹni tó bá fẹ́ fláàṣì 32GB àti 64GB tí kì í ṣe ayédèrú, kó bá mi sọ̀rọ̀ ní inbox. Mo wà ní Ìbàdàn, mò ń fi ránṣẹ́ sí gbogbo ibi.

Mọ̀ńdé_Adelé · 10:52
Ṣàǹgó, a ti sọ fún ẹ nípa ọjà títà. Ẹ̀yin tó kù, ẹ padà sórí ìbéèrè. Tísà, ẹ wá dáhùn ohun tí Ọmọ_Dùgbẹ̀ bi yín.

TísàKọ̀ǹpútà · 11:20
Ẹ má bínú, iná ló lọ. Kọ̀ǹpútà 38 ni. Ọ̀pọ̀ jẹ́ Dell OptiPlex 7010, HP wà níbẹ̀, mẹ́fà nínú wọn RAM 2GB ni. Suwíìṣì méjì, 24 port ọ̀kọ̀ọ̀kan. Rọ́ọ́tà wà ní ọ́fíìsì ọ̀gá, òun ló ń pín IP fún gbogbo ilé-ìwé títí dé bursar. Ìtàn yẹn ti bà mí lẹ́rù o, mi ò fẹ́ kí bursar wá bá mi nílé. OS, Windows ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ ṣùgbọ́n ìdánwò yẹn orí browser ni, wọ́n ní Linux náà á gbà.

Àjàlá_Sysadmin · 11:25
Kí ló dé tí ẹ fẹ́ fi Windows sílẹ̀? WDS ti Microsoft, tó ń fi Windows sórí kọ̀ǹpútà láti orí nẹ́tíwọ̀kì, ni kí ẹ gbé kalẹ̀, tààrà.

Ọmọ_Dùgbẹ̀ · 11:31
WDS wo? boot.wim, fáìlì tó ń bẹ̀rẹ̀ install tó wà nínú Windows 11, Microsoft ti dí i, WDS ò gbà á fún install mọ́. Àti pé láti gbé WDS kalẹ̀ wọ́n máa kọ́kọ́ ra Windows Server. Ilé-ìwé ni wọ́n pè é o, wọn ò pè é ní báǹkì.

Tísà, ẹ gbọ́ ìṣirò yìí. Tó bá jẹ́ FOG, ẹ máa ṣe kọ̀ǹpútà kan dáadáa, ẹ máa gbé àwòrán disk ẹ̀ (image, ẹ̀dà gbogbo ohun tó wà lórí ẹ̀) sórí server, ẹ wá pín in fún 37 tó kù. Ká ní àwòrán yẹn jẹ́ 6GB, 6 lọ́nà 38 (ẹ̀ẹ̀kan lọ sórí server, 37 padà wálẹ̀) jẹ́ 228GB. Tí suwíìṣì yín bá jẹ́ 100Mb, nǹkan bíi 11MB ló lè kọjá láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí 6. Tó bá jẹ́ gigabit, bíi ìṣẹ́jú 35. Tí ẹ bá wá fi multicast ṣe é, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni 6GB yẹn máa kọjá, gbogbo wọn á jọ gbà á. Nítorí náà ẹ yí suwíìṣì yẹn padà kẹ́ ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ìdí ẹ̀ ká tó máa jà lórí FOG àti Cobbler.

Afẹ́fẹ́ · 11:38
Multicast lórí suwíìṣì olówó pọ́ọ́kú? Gbogbo port ló máa da dátà yẹn sí bí omi, Wi-Fi ọ̀gá ilé-ìwé á kú.

Ọmọ_Dùgbẹ̀ · 11:40
Á kú tí wọ́n bá so ó mọ́ ti ọ̀gá. Ta ló ní kí wọ́n so ó?

ÌyáLab · Ẹtì, 5:48 àárọ̀
Ẹ kú àárọ̀. Mo ka gbogbo ẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, mo sì dìde torí ọmọ yìí. Tísà, ẹ fi ariwo sílẹ̀. Lab méjì ni mò ń bójú tó, báyìí ni mo ṣe ń ṣe é.

Ohun àkọ́kọ́ pátá, ẹ yọ wáyà tó so suwíìṣì lab mọ́ rọ́ọ́tà ọ̀gá. Kì í ṣe kẹ́ ẹ pa á, ẹ fà á yọ, kẹ́ ẹ fi sápò. DHCP (ohun tó ń pín IP) méjì ò gbọdọ̀ pàdé lórí wáyà kan, ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé tiyín á pín IP fún bursar, bursar ò ní rí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀bi á sì di tiyín kódà bí ẹ ò bá pa fáìlì kankan rẹ́. Àwọn kan á ní kí ẹ lo dnsmasq ní proxy, kí rọ́ọ́tà máa pín IP lọ, kí dnsmasq kàn máa sọ ibi tí fáìlì bata wà. Ó ń ṣiṣẹ́, èmi náà ń lò ó. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́ tí ìdánwò wà ní Mọ́ńdè, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là á pa àmúkùrù ẹpọ̀n. Ẹ yọ wáyà.

Ẹ wá lo laptop yín. Wi-Fi ẹ̀ gba íntánẹ́ẹ̀tì láti fóònù, ojú wáyà ẹ̀ lọ sí suwíìṣì. dnsmasq lórí ẹ̀ á pín IP, òun náà á fi TFTP gbé fáìlì fún wọn, UDP 69 nìyẹn, ẹ má jẹ́ kí firewall dí i torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń há sí, wọ́n á rí i pé kọ̀ǹpútà gba IP, á wá dúró gbagidi. Ẹ lo Debian, ẹ gba netboot.tar.gz tiwọn. Kọ̀ǹpútà tó ń bata bíi ti àtijọ́, pxelinux.0 ni kẹ́ ẹ fún un, èyí tó bá wà ní UEFI (ọ̀nà ìbata ìgbàlódé), bootnetx64.efi. OptiPlex 7010 lè ṣe méjèèjì, nítorí náà ẹ yan ọ̀kan fún gbogbo wọn kí orí yín lè balẹ̀.

Ìdí tí mo fi ní Debian, kì í ṣe Ubuntu: Ubuntu àsìkò yìí, tó bá gba orí nẹ́tíwọ̀kì wọlé, gbogbo ISO (odidi fáìlì install) ló máa ń fà sínú RAM kó tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn mẹ́fà yín tó jẹ́ 2GB yẹn máa kú síbẹ̀. Ti Debian kékeré ni, á máa fa páálí sọ́fítíwíà kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń fẹ́ ẹ. Gbogbo ìdáhùn sí ìbéèrè ẹ̀ ẹ máa kọ sínú fáìlì preseed, èdè, agogo, orúkọ, password, xfce (ojú iṣẹ́ tí wọ́n máa rí). Ẹ fi apt-cacher-ng sórí laptop yẹn, port 3142, kẹ́ ẹ tọ́ka sí i nínú preseed. Kọ̀ǹpútà kìíní á jẹ dátà yín, àwọn 37 tó kù á gbà á lọ́wọ́ laptop.

Menu yín, hard disk ni kó kọ́kọ́ wà. Install wà nísàlẹ̀, ẹ fi password sí i, pxelinux ní ìyẹn. Ohun tí OjúMiRíTó sọ, òótọ́ ni, ẹ má fojú di í. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, tó bá rí ekòló á sá, ṣùgbọ́n ejò wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Ẹ ra bátìrì CR2032 fún èyí tí agogo ẹ̀ ti padà sẹ́yìn. Tí kọ̀ǹpútà bá rò pé ọdún 2012 la wà, apt, tó ń fa sọ́fítíwíà fún Debian, á ní ohun tí ẹ fún òun ò tíì tó àkókò, kò ní gbà á.

Kọ́láBIOS · 6:30
Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Ibi agogo yẹn, mo fi odidi ọjọ́ kan jìyà ẹ̀ rí.

Afẹ́fẹ́ · 6:44
Gbogbo èyí, ohun tí mo sọ ní 9:24 náà ni.

ÌyáLab · 6:46
Afẹ́fẹ́, o ṣeun.

Peckham_Boy · 7:15
Ubuntu autoinstall, bíi preseed ti Ubuntu, kò burú tó bẹ́ẹ̀ o. Láti 20.04 ni wọ́n ti gbé e dé. Àti pé ó dáàbò bo èèyàn ju preseed lọ: tí ẹ ò bá kọ autoinstall sí ìlà kernel (ìlà àṣẹ tí Linux fi ń bẹ̀rẹ̀), á dúró bi yín pé ṣé kí òun máa lọ, ẹ gbọ́dọ̀ tẹ yes kó tó fọwọ́ kan disk. Tó bá jẹ́ òun ni wọ́n lò nígbà yẹn, bàbá akáúǹtì á dé, wọ́n á bá ìbéèrè lójú ẹ̀rọ.

Ọmọ_Dùgbẹ̀ · 7:22
Ìyẹn dáa. Ṣùgbọ́n ẹ kìlọ̀ fún un pé tó bá kọ ds=nocloud-net;s=http (ìlà tó ń sọ ibi tí fáìlì ìdáhùn wà) sínú GRUB, ètò tó ń bata Linux, láì fi àmì ọ̀rọ̀ yí i ká, GRUB á gé e níbi àmì ; yẹn, installer ò ní rí fáìlì ìdáhùn user-data, á wá máa bi í léèrè bí ẹni pé wọn ò kọ nǹkan kan. Ọjọ́ méjì ni mo fi wá ìyẹn. Àmì kan ṣoṣo.

OjúMiRíTó · 7:40
Bàbá akáúǹtì máa tẹ yes. Ẹ ò mọ bàbá yẹn.

Ìyálọ́jà_Data · 8:02
Ẹ jọ̀ọ́, sọ́fítíwíà wo lẹ fi ń ṣe ìdánwò CBT yẹn fúnra ẹ̀? Ọmọ mi wà ní SS3, mo fẹ́ kó máa dánra wò nílé.

Àjàlá_Sysadmin · 8:10
Windows.

TísàKọ̀ǹpútà · Sátidé, 10:37 alẹ́
Ẹ kú alẹ́ o gbogbo yín, ẹ ṣeun gidi, Ọlọ́run á san án fún yín. Mo ka ti ÌyáLab ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Mo bẹ̀rẹ̀ lánàá, kọ̀ǹpútà gba IP, ó wá dúró gbagidi bí wọ́n ṣe sọ gẹ́lẹ́, mo pa firewall, ó tún rìn díẹ̀, iná lọ, laptop mi ò ní bátìrì tó dáa, gbogbo nǹkan kú. Mo wá rántí àkàrà yẹn. Mo ní rárá.

Ohun tí mo ṣe, mo ra fláàṣì 64GB márùn-ún lọ́wọ́ Ṣàǹgó, ẹ má bínú Adelé. Mo ṣe kọ̀ǹpútà kan dáadáa pẹ̀lú Debian, mo fi Clonezilla gé àwòrán ẹ̀, mo gbé Clonezilla àti àwòrán yẹn sórí fláàṣì kọ̀ọ̀kan, mo pe àwọn ọmọ SS2 márùn-ún, mo ra búrẹ́dì àti ẹ̀wà àgànyìn fún wọn, kálukú ń bata, ń tẹ y. Ẹ̀ẹ̀mejì ló máa ń bi wọ́n pé ṣé ó dá wọn lójú kó tó pa disk rẹ́, mo sì ní kí wọ́n máa ka orúkọ disk sókè kí n gbọ́ kí wọ́n tó tẹ ẹlẹ́ẹ̀kejì. A bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́wàá, a parí kó tó di aago kan ọ̀sán. Bursar ò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

ÌyáLab · 10:51
Lẹ́yìn tí mo dìde ní aago márùn-ún ààbọ̀ àárọ̀.

Ìkòkò · 10:52
😂😂😂

Ṣàǹgó_Flash · 10:55
Mo ti sọ tẹ́lẹ̀.

Ọmọ_Dùgbẹ̀ · 11:03
Tísà, ìbéèrè kan. Kẹ́ ẹ tó gé àwòrán yẹn, ṣé ẹ nu /etc/machine-id inú ẹ̀ kúrò? Ẹ yí orúkọ padà?

TísàKọ̀ǹpútà · 11:09
Machine kí ni?

Ọmọ_Dùgbẹ̀ · 11:10
Nọ́ńbà ìdánimọ̀ kọ̀ǹpútà ni. Ẹ lọ tan kọ̀ǹpútà méjì, ẹ tẹ hostname lórí ìkọ̀ọ̀kan, á fi orúkọ ẹ̀rọ hàn yín.

TísàKọ̀ǹpútà · Àìkú, 7:26 àárọ̀
Ẹ kú àárọ̀ o. Gbogbo 38 ló ń jẹ́ lab01. Ẹni tó ń bọ̀ wá so ìdánwò yẹn pọ̀ sọ pé orúkọ kọ̀ọ̀kan ló gbọ́dọ̀ yàtọ̀ kí òun lè mọ ẹni tó jókòó síbo. Ṣé ẹnìkan ní script tí mo lè fi ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà láti orí nẹ́tíwọ̀kì? Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀la ni.